Kì Í Ṣe Kọ̀ǹpútà Ló Pa Gángan

Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ti dá láì gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ba orin ìbílẹ̀ Yorùbá jẹ́. Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bàbá níbi ìnáwó, ẹ ó gbọ́ ọ lórí rédíò, kódà àwọn tí wọn ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ti ń kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ìlù ti kú, bíìtì ló kù. Àwa tí a ń kọ kóòdù jẹun ní Ìsọlọ̀ níbí ò gbà. Ara gángan ò yá lóòótọ́, a ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kọ́ ló ṣe é léṣe. Àwọn tó ṣe é léṣe ní iṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ẹgbẹ́ wa. Ẹ jẹ́ ká tú u.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò. Ìsọlọ̀ ni ilé tí Síkírù Àyìndé Barrister pè ní Fuji Chambers wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí lẹ́yìn tó kú ní London ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Ọkùnrin yìí ò jogún fújì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wéré ló bá nílẹ̀, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí fún sààrì nínú oṣù Ramadan. Ó fi àpàlà sí i, ó fi sákárà sí i, ó bù nínú jùjú, ó wá fún un ní orúkọ òkè ńlá kan ní Japan tó rí àwòrán rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ tún un gbọ́ o: orin tí àwọn àgbà ń pè ní tiwa-n-tiwa lónìí, orúkọ òkè Japan ló ń jẹ́. Kollington Àyìnlá gbé bàtá wọ inú fújì. Wàsíù Àyìndé, tó gbé Talazo Fuji jáde ní 1984, wá gbé kíbọọ̀dù, gìtá àti sakisofóònù wọ inú rẹ̀. Fújì ò kú. Ṣe ló ń sanra.

Jùjú ńkọ́? Kò sí gángan nínú jùjú nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1948 ni Àkànbí Wright gbé e wọlé. Kí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe nígbà yẹn? Iná mànàmáná ni. Gìtá lásán àti ohùn ènìyàn kan ṣoṣo ò lè bá gángan du ọ̀rọ̀ sọ. Ìlù á bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti gìtá oníná dé ni ẹgbẹ́ jùjú tó rí àyè fún ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ló ṣí ilẹ̀kùn fún gángan. Ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ pé ká gbé ẹ̀rọ kúrò kí gángan lè sinmi, kò mọ bí gángan ṣe dé ibi tó bá a.

Ẹ tún wo ọdún 1982 àti 1983, nígbà tí King Sunny Adé gbé Jùjú Music àti Synchro System jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Island. Martin Meissonnier, ọmọ Faransé, ló bá a ṣe àwọn àwo náà, synthesizer àti ẹ̀rọ ìlù sì wọ inú wọn. Ṣé gángan dákẹ́? Ẹ lọ gbọ́ ọ. Ó ń sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ yẹn bí ẹni tó wà nílé bàbá rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá sì ní orin ẹ̀rọ jẹ́ ti òyìnbó, ẹ sọ fún un pé ní 1944, ní ìlú Cairo, Halim El-Dabh yá ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí wáyà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò kan. Ó gbé e lọ síbi ètò zaar, níbi tí àwọn obìnrin ti ń kọrin ìwòsàn, ó gba ohùn wọn, ó wá fi dá orin mìíràn ní sítúdíò. Ọdún mẹ́rin kí Pierre Schaeffer tó ṣe irú rẹ̀ ní Paris nìyẹn. Áfíríkà ni, orin ìbílẹ̀ ni, ẹ̀rọ ni, gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú ìkòkò kan. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa lọ sílé rẹ̀. A ti dá a sílẹ̀.

Ta wá ni ká mú?

Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń gé ìlù láì bìkítà ohun tí ìlù ń sọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó wà ní Mafólúkù, ó wà ní Ejìgbò, ó wà ní London. Ó fi fóòmù bo ògiri yàrá kan, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn wíńdò, ó sì ní etí dáadáa, a ò ní bú u síbẹ̀. Ó rí gángan kan nínú àkójọ sample, ó gé ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ó sọ ọ́ di loop, ó tò ó sábẹ́ bíìtì, ó ní òun ti fi àṣà sí i. Àṣà wo?

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìṣirò. Onílù fẹ́ kí yín pé "ẹ kú àbọ̀". Ohùn rẹ̀ ni re, mí, dò, dò. Ó fẹ́ kí yín pé "ẹ kú iṣẹ́". Ohùn rẹ̀ ni re, mí, re, mí. Ẹ wá gé ohùn méjì tó kẹ́yìn kúrò nínú ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ èyí tó kù di loop. Kí ló kù? Re mí, re mí, re mí. Ẹni tó ti àjò dé àti ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ti di ẹyọ kan. Kò tán síbẹ̀: re mí, re mí tí ẹ̀rọ ń tún sọ yẹn, "ẹ kú iṣẹ́" ló jọ létí ẹni tó bá gbọ́ ìlù. Onílù ń kí àlejò káàbọ̀, fáìlì yín ń kí i kú iṣẹ́. Ẹ ti fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lẹ gé báyìí, wọ́n á pè yín lẹ́jọ́.

Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Wọn ò ní kí ẹni tí kò gbọ́ má jó. Jó, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gé ìlù fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti jó sí, ó yẹ kó wà lára àwọn ọ̀mọ̀ràn, tàbí kó bi ọ̀kan léèrè. Onílù pọ̀ ní Òṣòdì. Wọ́n ń lù níbi ìnáwó ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ pè wọ́n, ẹ sanwó fún wọn, ẹ bi wọ́n pé "bọ̀dá, kí lẹ sọ níbí yìí?" Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ó le ni?

Ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe láti fi ẹ̀rọ dá orin kí ọ̀rọ̀ sì dúró gbangba. Emeka Ogboh, ọmọ Enugu tí ariwo Èkó mú lọ́kàn, gba ìró ìlú yìí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń pe ojú ọ̀nà, ọlọ́jà, fèrè ọkọ̀. Ó fi wọ́n dá orin ẹ̀rọ nínú àwo Beyond the Yellow Haze. Àwo tó tẹ̀ lé e ní 2022, nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí Ojúẹlẹ́gba lórí máàpù ló fi ṣe orúkọ rẹ̀. Nínú orin rẹ̀, ìpè kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣì jẹ́ ìpè. Ẹ lè fi mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ danfó bá lè wọ inú orin Berlin kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má sọnù, kí ló dé tí ìyáàlù, tó dàgbà jù ú lọ, fi ń kólòlò nínú orin Ìsọlọ̀?

Ẹni kejì tí a fẹ́ mú ni irinṣẹ́ fúnra rẹ̀, àti àwọn tó ṣe é. Níbi yìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí oníṣẹ́. MIDI, èdè tí kíbọọ̀dù àti kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, jáde ní 1983. Nínú rẹ̀, ohùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà, láti 0 dé 127. C àárín jẹ́ 60, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 61. Láàárín 60 àti 61, kò sí ilé, kò sí ọ̀nà. Ẹ wá gbé gángan wá. Onílù há a mọ́ abíyá, ó ń fún ọsán, ó ń tú u, kọ̀ǹgọ́ ń lu awọ, ohùn ń yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bíi ti ènìyàn tó ń pe "àárọ̀". Ibi tí kò sí ilé yẹn gan-an ni gángan ń gbé. Kí kíbọọ̀dù tó lè yọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní láti lo ohun tí wọ́n ń pè ní pitch bend, tó sì jẹ́ pé gbogbo ohùn tó wà lójú ọ̀nà kan náà ló máa fà papọ̀. Ní 2018 ni wọ́n tó fọwọ́ sí MPE, ìlànà tó jẹ́ kí ohùn kọ̀ọ̀kan lè yọ́ lọ́tọ̀. Ọdún márùndínlógójì!

Auto-Tune náà jáde ní 1997. Andy Hildebrand tó ṣe é ti kọ́kọ́ fi ìṣirò ìró wá epo rọ̀bì nínú ilẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ dé, ohùn méjìlá piano nìkan ló kà sí ohùn. Ohunkóhun tó bá bọ́ sí àárín, àṣìṣe ni lójú rẹ̀, ó sì máa tì í lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gbé ìyáàlù sínú rẹ̀ kí ẹ wò: ibi tó ti ń yọ́ á di àtẹ̀gùn. A ò sọ pé ẹnikẹ́ni gbìmọ̀ pọ̀ lé Yorùbá lórí. Wọ́n ṣe irinṣẹ́ fún orin tí wọ́n mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí irinṣẹ́ bá kà sí àṣìṣe, bó bá pẹ́, ọmọ tó ń lò ó náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí àṣìṣe. Ewu tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó kọ́ orin lórí lápútọ́ọ̀pù láti ọmọ ọdún méjìlá á gbọ́ onílù gidi lọ́jọ́ kan, á ní "bọ̀dá yìí ò tún ìlù rẹ̀ ṣe."

Ìjà yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀ wa, wọ́n túmọ̀ orin ìyìn sí Yorùbá, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá lé orí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ń lọ sókè, ohùn orin ń bọ̀ wálẹ̀. Ẹ ronú "ọkọ" tó di "ọkọ̀" lẹ́nu akọrin, àti "igbá" tó di "ìgbà". Ọkùnrin kan wà ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, Ekundayo Phillips, tó lu ọ́gáànù níbẹ̀ láti 1914 títí di 1962. Kò ní kí wọ́n gbé ọ́gáànù jù síta. Ó jókòó, ó ṣe ìwádìí bí orin Yorùbá ṣe ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó kọ ìwé lé e lórí ní 1953, ó sì ń dá orin tí ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀ ò bára wọn jà. Ọ́gáànù náà ló kọ́ lẹ́kọ̀ọ́.

Akin Euba, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1935, tún gba ọ̀nà yìí lọ síwájú. Piano ni irinṣẹ́ rẹ̀, irinṣẹ́ tí kò lè yọ́ rárá. Ó ní kí piano wá kọ́ ìṣe lọ́dọ̀ ìlù, ó sì pe ọ̀nà náà ní African pianism. Nínú Chaka, opẹ́rà tó gbé jáde ní 1970, ohun èlò òyìnbó àti ohun èlò ilẹ̀ wa jókòó pọ̀. Ẹni yìí kan náà ló kọ odidi ìwé lórí ìlù dùndún, tó jáde ní 1990. Ó mọ ohun tí ìlù ń sọ kó tó da á pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Ó kú ní 2020, púpọ̀ nínú àwọn tó ń da ìlù pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ lónìí ò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé àwa nìkan ni. Orin ìbílẹ̀ Iran náà ní ohùn tó wà láàárín àwọn bọ́tìnnì piano. Láti bí ọdún 1960 síwájú ni Alireza Mashayekhi ti ń da orin ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ orin ìgbàlódé àti ti ẹ̀rọ. Lóde òní, Ata Ebtekar tó ń jẹ́ Sote, tó fi Tehran ṣe ibùgbé, gbé santur àti setar pẹ̀lú ẹ̀rọ sínú àwo Sacred Horror in Design ní 2017, tí santur ṣì jẹ́ santur. Ní 2021 ni Khyam Allami, ọmọ Iraq, pẹ̀lú àwọn oníkóòdù Counterpoint gbé irinṣẹ́ méjì jáde, Leimma àti Apotome. Ọ̀fẹ́ ni. Inú bíráúsà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní ohùn tí kò sí lórí piano lè kọ́ ohùn tirẹ̀ sínú rẹ̀, kó fi dá orin. Wọn ò jókòó sunkún pé kọ̀ǹpútà ń ba orin Lárúbáwá jẹ́. Wọ́n ṣí èdítọ̀, wọ́n kọ kóòdù.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹta, ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀yin oníkóòdù Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Ẹ ti ṣe áàpù tó ń fi owó ránṣẹ́, ẹ tún ṣe òmíràn tó ń fi owó ránṣẹ́, ẹ tún ṣe ẹ̀kẹta tó ń sọ fún wa pé owó náà ti dé. Ó dára, a ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan ìlù, ẹ máa ń sọ pé "ọjà ò sí níbẹ̀." Ta ló sọ fún yín? Fújì ti bọ́ ilé tó pọ̀ ní Ìsọlọ̀ kí lápútọ́ọ̀pù tó dé. Asake gbé ohùn fújì sórí bíìtì amapiano, ó fi gba gbogbo ayé ká. Ọjà wà. Ẹni tó máa ṣe irinṣẹ́ ni kò sí, nítorí pé ẹ ń dúró kí ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà wá ṣe é fún yín. Bí wọ́n bá ṣe é, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ni wọ́n máa ṣe é.

Àwọn kan á ní, "Àwọn tó ń jó ní kílọ́ọ̀bù ò gbọ́ ìlù, kí ló kàn wọ́n bóyá ó ń sọ̀rọ̀ tàbí kò sọ?" Ó dáa. Ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú ráàpù Amẹ́ríkà tán náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gé ọ̀rọ̀ ọlọ́ráàpù sí wẹ́wẹ́ nítorí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó pé ní agbára lára kódà fún ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ọmọ tí kò gbọ́ lónìí sì lè gbọ́ lọ́la, bí a bá fi ohun tó máa gbọ́ sílẹ̀ fún un. Bó bá jẹ́ re mí, re mí nìkan la fi sílẹ̀, kí ló máa kọ́?

Kí wá ni ká ṣe? Mẹ́ta ni.

Èkíní, ẹni tó bá gba ohùn onílù sílẹ̀, kó kọ orúkọ onílù náà sínú fáìlì, kó kọ ọ̀rọ̀ tó lù, kó kọ ẹni tó ni oríkì bó bá jẹ́ oríkì. Fáìlì orin ní àyè fún gbogbo ìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, "talking drum 04" ni ẹ máa bá níbẹ̀. Àyàn ló lù ú, ẹ wá sọ ọ́ di 04. Kí owó sì máa dé ọwọ́ rẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá ta á, kó má jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń pín owó káàdì sí ọ̀nà mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ò lè sọ pé èyí le.

Èkejì, ẹ jẹ́ ká kọ irinṣẹ́ tó máa gba ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ tẹ̀, kó sì fi ohùn gángan dá a padà, pẹ̀lú yíyọ́ rẹ̀, kí onílù jókòó tì wá láti sọ ibi tó ti ṣì í. MPE wà. Bíráúsà lè dá ohùn. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kan tí a ń dúró dè.

Ẹ̀kẹta kàn yín, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí: ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀. A mọ̀ pé ó ń sú yín. A mọ̀ pé kíbọọ̀dù fóònù ò ràn yín lọ́wọ́. Àwọn ará Vietnam ní ẹyọ kóòdù kan ṣoṣo fún ế tiwọn nínú Unicode, àwa sì ní láti so méjì pọ̀ ká tó rí ẹ́. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà ka "ọ̀rọ̀": ojú yín rí lẹ́tà mẹ́ta, òun á ka márùn-ún. Ṣùgbọ́n àmì yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ara. Dò, re, mí ni. Nótì orin ni. Gbolóhùn Yorùbá tó ní àmì pé, ẹ̀rọ lè lù ú. Èyí tí kò ní, kò sí ẹ̀rọ tó lè mọ̀ bóyá ọkọ́ lẹ ń wí ni àbí ọ̀kọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá kọ Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì láì fi àmì sí i, ẹ ń tọ́ ẹ̀rọ ọjọ́ iwájú dàgbà ní adití.

Kí àwọn bàbá tó ń bú kọ̀ǹpútà fọwọ́ wọ́nú. Kí àwọn tó ń gé ìlù bi onílù léèrè. Kí àwọn oníkóòdù jáwọ́ nínú áàpù owó kẹrin. Ẹni tó sọ wéré di fújì, Ìsọlọ̀ níbí ló sùn sí. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni fún un láṣẹ, kò sì fi orin sílẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ. Gángan ṣì lẹ́nu. Etí ni ẹ̀rọ yìí ò tíì ní, iṣẹ́ ọwọ́ wa sì ni láti ṣe é fún un.